Ìsinmi Lórí Ọkọ̀ Tí Kò Kan Omi

Òórùn òróró káńfọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí, kí n tó rántí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Òróró yẹn ni wọ́n fi ń pa orúnkún wa nínú yàrá gígùn kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn kékeré kan ní Accra, ní ọdún tí ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà máa ń rò pé gbogbo wa ni a gbé ẹrù lójú ẹsẹ̀ tí a sì sá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà láàárín wa tí kò lè sá, mo sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Olùkọ́ tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni mí nígbà náà, ní Madina, àdúgbò kan ní Accra. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bọ́ sílẹ̀ nínú trotro, ọkọ̀ akérò wọn, kí ó tó dúró, nítorí mo gbà pé olùkọ́ tó bá pẹ́ lẹ́yìn agogo kò yẹ ní olùkọ́. Mo ṣubú, egungun itan mi sì ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n máa fi tú ohun funfun líle tí wọ́n fi dì í, ẹsẹ̀ náà ti rù bí ẹsẹ̀ ọmọdé. Wọ́n wá fi mí lé obìnrin Gã kan lọ́wọ́, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tún ẹsẹ̀ kọ́ ní ìrìn. Kò fi ọdún púpọ̀ jù mí lọ, ṣùgbọ́n Àǹtí ni tọmọdé tàgbà ń pè é níbẹ̀. Ohùn rẹ̀ kì í ga, a kì í sì í bá a jiyàn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ tó fi ń kọ́ wa. Àga kékeré kan ni, tó ń yí lọ yí bọ̀ lórí irin méjì. Níwájú rẹ̀ ni ibi tí a ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ wà, pẹ̀lú ọwọ́ igi méjì tí a ń fà bí àjẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sí i yóò na ẹsẹ̀, yóò fa igi mọ́ àyà, yóò ká ẹsẹ̀ padà, bí ẹni ń tu ọkọ̀. Apẹja àgbàlagbà kan tí èjìká ń dùn máa ń sọ pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń tu ọkọ̀, òun kò rí èyí tí kì í gbé ẹja wálé rí.

Bí a bá ti fà á díẹ̀, Àǹtí yóò na ọwọ́ sókè, yóò ní, “Gye w'ahome.” Twi ni, ó ń sọ pé kí a sinmi, kí a gba èémí wa. A óò gbé ọwọ́ lé itan títí àyà yóò fi rọlẹ̀, kí a tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìsinmi yìí ni ó nira fún mi jù. Lójú mi nígbà náà, ẹni tó dúró ti kùnà. Mo máa ń wo àwọn tó ń mí gúlegúle lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹni ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Nígbà tí àṣẹ ìjọba jáde, ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ìgbéraga. Màámi ti ń ta ọṣẹ àti aṣọ ní ọjà Okaishie kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n wọn kò ní ìwé ìgbélùú. Màámi àti àwọn ará ìlú wa jọ háyà lọ́rí kan tí yóò gbé wa padà sí Nàìjíríà. Ẹrù ni yóò kún inú rẹ̀, orí ẹrù ni èrò yóò jókòó sí. Awakọ̀ wo ẹsẹ̀ mi, ó ní òun kò ní gbé ẹni tí kò lè fúnra rẹ̀ gun ọkọ̀, nítorí bí ó bá já bọ́ lójú ọ̀nà, òun ni wọn yóò mú. Màámi ní bí ọmọ àwọn kò bá lọ, àwọn náà kò lọ. Bí ọjọ́ bá sì pé tí wọ́n bá wọn nílùú, ọlọ́pàá yóò tì wọ́n mọ́lé. Ẹsẹ̀ mi kan ṣoṣo yìí ni gbogbo rẹ̀ wá rọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kan Màámi tẹ̀ lé mi dé yàrá náà. Láti ìgbà tí rédíò ti kéde, n kò rí wọn kí wọ́n jókòó. Wọn a di ẹrù, wọn a tú u, wọn a tún un dì. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo bí mo ṣe ń fà. Àǹtí na ọwọ́ sókè, mo sì dúró.

“Kí ló dé tí o dúró?” Màámi bi mí.

“Àǹtí ní kí n sinmi ni, Màámi.”

“Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́ ni?”

“Kò tíì rẹ̀ mí púpọ̀.”

Màámi kọjú sí Àǹtí, wọ́n sì bọ́ sínú Twi ọjà tí wọ́n ń sọ. “Ọjọ́ ń lọ o. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n ká ọmọ mi mọ́ ìlú yín ni ẹ ṣe ń dá a jókòó?”

Lásìkò yẹn, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dá ìjà sílẹ̀. Bí aládùúgbò bá kí wa pẹ̀lẹ́, a ó kọ́kọ́ rò ó bóyá ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

“Maame Alata,” Àǹtí ní, nítorí Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, “bí ẹ bá mọ̀ ọ́n tù jù mí lọ, ẹ wá tù ú.”

“Ẹ rò pé n kò lè tù ú?”

“N kò sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ìwọ ọmọ yìí, dìde níbẹ̀.”

Mo dìde. Màámi bọ́ bàtà, wọ́n ká ìró wọn dáadáa, wọ́n sì jókòó.

“Ẹ rọra o, ìyá,” apẹja yẹn wí, “omi ibẹ̀ jìn.”

Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, àfi Màámi. Wọ́n fa igi náà bí ẹni ń gba nǹkan padà lọ́wọ́ olè. Àga ń sáré lọ, ó ń sáré bọ̀. Àǹtí na ọwọ́ sókè, ó ní kí wọ́n sinmi. Màámi túbọ̀ fà á. Gèlè wọn já bọ́, wọn kò wò ó. Èémí wọn ti ń ké, wọ́n sì ń fà á síbẹ̀. Nígbà náà ni Àǹtí lóṣòó tì wọ́n, ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ wọn lórí igi.

“Ìyá, ẹ gba èémí yín,” ó ní. “Kò sẹ́ni tó ń lé yín nínú yàrá yìí.”

Màámi dúró. Mo rò pé wọn yóò bú u. Wọ́n tẹ orí ba, èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo sì rí i pé ẹkún ni. Apẹja kọjú sí ògiri. Mo he gèlè, mo dì í mú, n kò mọ ohun tí màá fi ṣe. Àǹtí kò sọ pé kí wọ́n dákẹ́. Ìgbà tí ẹkún náà rọlẹ̀ ni ó wá sọ fún wọn pé àsìkò tí ẹsẹ̀ bá ń sinmi ni ẹran ara rẹ̀ ń gba agbára. Bí wọ́n bá lé mi jù, orúnkún yóò wú, n kò sì ní gun nǹkan kan. Màámi fi etí ìró nu ojú, wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Láti ọjọ́ náà, Màámi gan-an ló di ọ̀gá ìsinmi. Bí Àǹtí bá pẹ́ kí ó tó na ọwọ́, Màámi yóò ti ní, “Ó tó. Mí ná.”

Lọ́jọ́ tí a ń lọ, awakọ̀ dúró ti àkàbà tí a fi ń gun lọ́rí, ó ń wò mí. Mo dé àárín, ẹsẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń kígbe pé kí n gùn ún kíá. Bí kì í bá ṣe ohun tí ojú mi ti rí nínú yàrá yẹn ni, ǹ bá fi agídí fa ara mi sókè, ǹ bá sì já bọ́. Mo dì í mú, mo dúró. Mo gbọ́ ohùn Màámi nísàlẹ̀: “Ẹ ní sùúrù fún un. Ó ń mí ni.” Nígbà tí àyà mi rọlẹ̀, mo gun èyí tó kù. Awakọ̀ yí padà, ó ní kí wọ́n gbé ẹrù tó kù wá.

Màámi pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ Accra púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún mi nígbà kan pé inú yàrá yẹn ni àwọn ti sunkún ìlú náà tán, pé àárẹ̀ lásán ni ti ojú ọ̀nà. Èmi náà ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọmọ mi ra ẹ̀rọ ìtukọ̀ ìgbàlódé kan fún mi. Bí mo bá dúró láti mí, iná ojú rẹ̀ a kú, bí ẹni pé mo ti sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo máa ń fi í sílẹ̀ kó kú. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni mo ti máa ń bi ara mi bóyá Àǹtí mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó ní kí Màámi wá tù ú, tàbí inú ló kàn ń bí i díẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ méjèèjì.