Ìwádìí Àna ní Etíkun Tàílàǹdì

Wọn ò rán mi lọ ṣe fàájì o. Kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn obìnrin tí a jọ ń ta èlùbọ́ ní Ṣakí ṣì ń sọ ọ́ kiri pé mo lọ jayé lórí omi. Ọmọbìnrin mi ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú etíkun kan ní gúúsù Tàílàǹdì, ìlú tí àwọn òyìnbó ti máa ń wá yá oòrùn. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù pé òun ti rí ẹni tí òun fẹ́ fẹ́: ọmọ ibẹ̀ ni, Mùsùlùmí ni, ọkọ̀ ojú omi ló ń wà. Baálé mi gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ìwọ lo máa lọ. Wádìí wọn wá. Ohun tí o bá sọ, abẹ gé e."

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé. Kí a tó fọmọ fún ará Ìsẹ́yìn tó wà nítòsí pàápàá, ẹnì kan á kọ́kọ́ dọ́gbọ́n lọ sí àdúgbò wọn, á ra ohun tí kò nílò lọ́wọ́ aládùúgbò, á sì máa fi ọgbọ́n bi í léèrè: ṣé wèrè ò sí nínú ìdílé wọn? Ṣé wọn kì í jalè? Ṣé àwọn ọkùnrin wọn kì í na ìyàwó? Mo ti ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún tẹ̀gbọ́n tàbúrò, mo mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: àléébù ni mo ń wá lọ. Òun nìkan lobìnrin tí mo bí. Tí mo bá rí àléébù kan péré, bó ti wù kó kéré mọ, ọmọ mi á palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, a ó jọ padà sílé. Mo ti pinnu rẹ̀ kí n tó wọ ọkọ̀ òfurufú.

Ọmọ mi ò mọ̀. Ó rò pé mo wá kí òun lásán ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀ mọ́, ó mú mi lọ sí etíkun. Háà, omi! Mo ti rí odò Òfíkì nígbà òjò, tó kún bí ẹni pé kó gbé afárá lọ, ṣùgbọ́n omi tí kò ní òdìkejì, mi ò rí i rí. Àwọn àpáta gogoro dúró sáàárín rẹ̀ tigbótigbó, àfi bí ẹni pé wọ́n ṣí àwọn òkè Ṣakí nípò lọ gbé sínú omi. Àwọn òyìnbó sùn gbalaja lórí yanrìn, àwọ̀tẹ́lẹ̀ nìkan ló wà lára wọn. Mo yíjú kúrò lọ́dọ̀ wọn. Mo wo ibi tí àwọn ọkọ̀ onígi gígùn tò sí, tí wọ́n so aṣọ aláràbarà mọ́ iwájú wọn, mo bi ọmọ mi pé, "Èwo ni tiẹ̀?"

Ó nàka sí i. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bẹ́ sínú omi láti inú ọkọ̀ náà, ó sáré wá tòun ti ṣòkòtò tó rin gbingbin, ó sì dọ̀bálẹ̀ níwájú mi lórí yanrìn. Ọmọ mi ló kọ́ ọ. Àwọn òyìnbó gbórí sókè, wọ́n ń wò wá. Mo ní kó dìde. Mo sọ fún ara mi pé ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni ìwà, olè náà mọ ìdọ̀bálẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ibikíbi tí wọ́n bá mú mi lọ, iṣẹ́ ni mo ń ṣe. Wọ́n mú mi lọ sí ọjà ìrọ̀lẹ́, níbi tí wọ́n ti ń sun ẹja àti edé lórí ẹyin iná, tí wọ́n sì ń gún ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n pẹ̀lú ata nínú odó. Èmi ọmọ Òkè-Ògùn, tí ata kì í bà lẹ́rù, ata yẹn mú omi jáde lójú mi. Síbẹ̀ mi ò gbé ojú kúrò lára ọmọkùnrin náà. Báwo ni àwọn ọlọ́jà ṣe ń kí i? Ṣé wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i àbí wọ́n ń yẹra fún un? Ìyá arúgbó kan tó ń ta máńgòrò na ọwọ́ fà á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n sì jọ ń rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Wọ́n tún mú mi gun àtẹ̀gùn lọ sí tẹ́ńpìlì kan lórí òkè. Mo dúró síta, mo ń wo òkun nísàlẹ̀. Ọ̀bọ kan wá já ìborùn mi gbà, ọmọkùnrin náà sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tù ú títí ó fi jù ú sílẹ̀. Kò sọ òkò lù ú. Ìyẹn náà ò wúlò fún mi.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, mo gbọ́ ìpè àdúrà láti ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń já ẹja. Mo ní, ó tán, mọ́sáláṣí laṣírí wà. Bí a ṣe kírun tán, mo kó sáàárín àwọn obìnrin. Àfi "Salamu alaikumu" nìkan la jọ gbọ́. Mo nàka sí ọmọkùnrin náà ní ọ̀ọ́kán, mo ṣe bí ẹni ń na èèyàn, mo ṣe bí ẹni ń mutí, mo ṣe bí ẹni tí orí ẹ̀ dàrú, mo wá na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń béèrè. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú. Gbogbo wọn mi orí pé rárá. Ọ̀kan gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Alhamdulilahi." Ta ló ní kó dúpẹ́?

Nígbà tí ẹnu àwọn èèyàn ò fún mi ní ohun tí mo fẹ́, mo ní ó dáa, màá fi ọwọ́ ara mi wá a. Ọmọkùnrin náà fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ sí erékùṣù kékeré kan. Omi ti fà, yanrìn funfun ti yọ láti ibẹ̀ dé erékùṣù kejì, àwọn èèyàn sì ń fẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀. Èmi náà rìn ín dé òdìkejì, mo jókòó sábẹ́ igi. Láìpẹ́, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ọmọkùnrin náà ń juwọ́ sí mi pé kí n máa bọ̀. Mo ní mi ò dìde. Mo fẹ́ kó bínú. Mo fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa jágbe mọ́ mi.

Ọmọ mi ń pariwo, "Màmá, ẹ máa bọ̀ o, omi ń padà bọ̀!"

Mo dá a lóhùn pé, "Omi wo? Ẹ̀ẹ̀rùn la wà!"

Ẹ má rẹ́rìn-ín mi. Nílé wa, odò tó bá ti fà, ó di òjò kó tó padà. Ta ló máa sọ fún ará Ṣakí pé omi kan wà láyé tó ń lọ tó ń bọ̀ lójúmọ́? Nígbà tí mo fi máa dìde, yanrìn ò sí mọ́. Mo ki ẹsẹ̀ bọ omi, ó mu mí dé orúnkún, mo tún rìn díẹ̀, ó dé ìdí. Mo fi igbe ta. Ọmọkùnrin náà ti ń la omi bọ̀. Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àgbẹdọ̀! Ìyá ìyàwó lẹ́yìn àna! Mo ní ó tì, kí omi gbé mi lọ. Ìgbì kan wá gbá mi láyà. Mo pọ̀n mọ́ ọn lẹ́yìn kíá.

Mi ò fúyẹ́, ẹni tó bá rí mi mọ̀. Kò mí hẹlẹ, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó gbé mi sínú ọkọ̀ tán, ó dorí kodò, kò sì wojú mi títí a fi dé èbúté. Mo bi ọmọ mi bóyá òun ló kọ́ ọ nìyẹn. Ó ní òun ò kọ́ ọ.

Ìyá ọmọkùnrin náà ránṣẹ́ pè mí kí n tó máa padà bọ̀. Ẹ̀yìn mọ́sáláṣí ni ilé wọn. Ẹja kan báyìí tí kò légungun, tó lọ́wọ́ púpọ̀, ló ń sá sóòrùn lórí àwọ̀n. Ó bu oúnjẹ fún mi, ó jókòó tì mí, ó wò mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Ó wá sọ̀rọ̀, ọmọ mi sì ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ pé mo ń béèrè ọmọ òun kiri. Ó ní òun náà ti ń béèrè tèmi, lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tí ọmọ mi ń kọ́ ọmọ wọn, wọ́n sì ní èèyàn dáadáa ni. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló kù tí òun fẹ́ mọ̀. Ọmọ mi ò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Mo ní kó sọ ọ́.

"Wọ́n ní, ṣé ẹ máa gba ọmọ àwọn lọ ni?"

Omi bọ́ lójú mi. Mo di ọwọ́ obìnrin náà mú, ọwọ́ rẹ̀ ń run ẹja.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni baálé mi pè. Mo jáde síta kí ọmọ mi má baà gbọ́. Ó ní, "Kí lo rí?" Irọ́ kan péré ni. Kí n kàn sọ pé wèrè wà nínú ìdílé wọn, ọ̀rọ̀ ti tán, kò sẹ́ni tó máa lọ wádìí ẹ̀.

Mo ní, "Bàbá wọn, ilé wọn mọ́."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó ní, "Wò ó dáadáa o. Ṣé o ò rí nǹkan kan ni, bó ti wù kó kéré mọ?" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. Mo wá mọ̀ pé òun náà ń bẹ̀ mí ni.

Mo ní, "Mo wá a, Bàbá wọn. Mo wá a títí. Kò sí."