Bí A Ṣe Fa Ilé Ìwòsàn Wa Lé Ìjọba Lọ́wọ́

Èmi ni mo kọ lẹ́tà náà. Mi ò ní parọ́, àfọwọ́fà ni. Tíṣà ni mí, èmi náà sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ní àdúgbò wa lẹ́yìn Mowe. Nígbà tí wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà tí a ó fi fa ilé ìwòsàn wa lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́, ṣe ni mo jókòó tí mo kọ ojú ewé méjì gbáko. Mo kọ "pẹ̀lú ìdùnnú ọkàn". Mo kọ "láìsí ìfipáṣe kankan". Ìyàwó mi, tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ nígbà náà, kà á, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Dádì, ṣé ìyàwó lẹ fẹ́ fà lé ọkọ lọ́wọ́ ni?"

Mo ní kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí ìjọba.

Yàrá mẹ́ta péré ni ilé ìwòsàn ọ̀hún, àwa la sì kọ́ ọ. Ilé kọ̀ọ̀kan gbé búlọ́ọ̀kù wá. Lèmọ́mù àti pásítọ̀ jọ po sìmẹ́ńtì. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ń tọ́jú èèyàn níbẹ̀ láràárọ̀. Màmá mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, àmọ́ ó ti dàgbà, òògùn ò sì tó o lò. Gbogbo ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ ìjọba kò ju nọ́ọ̀sì kan tí yóò máa ràn án lọ́wọ́, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára fún àwọn ọmọdé.

Ìgbà yẹn gan-an ni ìjọba ìbílẹ̀ ṣí ọ́fíìsì tuntun sí etí ọ̀nà márosẹ̀. Wọ́n ní ìjọba ti dé ẹsẹ̀kùkú, a ò ní máa rìn lọ sí sẹkitéríàtì káńsù tó jìnnà mọ́. Ọ́fíìsì náà ní pátákó ràgàjì níta, ó ní àwòrán alága káńsù lára ògiri, ó ní òṣìṣẹ́ kan tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá. Ó gbọ́ tẹnu wa tán, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ìjọba ò lè rán nọ́ọ̀sì lọ sílé onílé. Ẹ fà á lé wa lọ́wọ́ ná, kẹ́ ẹ wá wo iṣẹ́!" Àwa tí à ń gbé ara wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ẹsẹ̀ bàtà ilẹ̀ kan, a gba ọkùnrin yìí gbọ́.

Ọjọ́ ìfàlénilọ́wọ́ pé, alága káńsù fi wákàtí mẹ́ta pẹ́. Bàbá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ọkùnrin tó tó bí lọ́mọ. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ àgádágodo lé orí tíréè, ó fi áńkáṣíìfù funfun bò ó. Mẹ́ta ni kọ́kọ́rọ́ náà. Ẹnì kan ti ní ká fi ọ̀kan pamọ́, ṣùgbọ́n a pariwo lé e lórí pé ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, ìjọba á rò pé a ò fọkàn tán òun. Alága kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sápò, ó ya fọ́tò. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ilẹ̀kùn, wọ́n lẹ àwòrán rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Nọ́ọ̀sì kankan ò dé. Wọ́n sọ fún Màmá pé kò láṣẹ níbẹ̀ mọ́. A lọ sí ọ́fíìsì tuntun, wọ́n ní sẹkitéríàtì ni kọ́kọ́rọ́ wà. A dé sẹkitéríàtì, wọ́n bú wa pé kí ló dé tí a ò lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ṣí sí tòsí wa. Oṣù márùn-ún la fi ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín wọn bí ẹni tó ń wá ewúrẹ́ tó sọnù. Ìjọba sún mọ́ wa débi pé a lè gbọ́ bí jẹnẹrétọ̀ wọn ṣe ń dún, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan nínú wọn tó lè ṣí ilẹ̀kùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí rọbí. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ ò lè wọlé, la bá ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí títì ká lè rí ọkọ̀ tí yóò gbé wa dé ilé ìwòsàn tó wà ní Ibafo. A ò dé títì. Iwájú ilé ìwòsàn wa ló ti ní òun ò lè gbẹ́sẹ̀ mọ́. Wọ́n sáré pe Màmá, àwọn obìnrin ta aṣọ yí fàráńdà ká, ibẹ̀ náà ló bímọ sí, lórí sìmẹ́ńtì. Bẹ́ẹ̀dì tí a rà wà nínú ilé lọ́hùn-ún. Mo dúró síwájú àwòrán alága, inú bí mi, ojú sì tì mí débi pé mi ò lè wo ìyàwó mi lójú. Ọmọbìnrin ni, ara òun àti ìyá rẹ̀ sì le.

Kó tó di ọjọ́ ìkómọ, òṣìṣẹ́ ẹlẹ́rìn-ín yẹn dé pẹ̀lú kámẹ́rà. Ó ti gbọ́ pé wọ́n bímọ sí ilé ìwòsàn alága. Ó ní kí ìyàwó mi gbọ́mọ wá síwájú ilé náà kí òun lè yà wọ́n ní fọ́tò.

Mo bi í léèrè nọ́ọ̀sì.

"Ẹ má bínú, sà. Fọ́tò làwọn ọ̀gá mi lókè ń béèrè lọ́wọ́ mi. Wọn ò tíì béèrè nọ́ọ̀sì."

Ìyàwó mi tẹ̀lé e lọ ní tirẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ fàráńdà níbi tó bímọ sí, ó gbé ọmọ lé itan.

"Mọ́mì, ẹ sún sọ́wọ́ òsì díẹ̀. Àgádágodo yẹn ń hàn."

"Ìdí tí mo fi jókòó síbí nìyẹn. Ẹ yà á."

Ọkùnrin náà palẹ̀ kámẹ́rà rẹ̀ mọ́, ó bá tirẹ̀ lọ láìya fọ́tò kankan.

Ní ìpàdé Sátidé tó tẹ̀lé e, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà tí a ó fi gba ilé wa padà. Mo ní mi ò kọ. Ta ni màá kọ ọ́ sí? Ẹni tó ń jíhìn fún òkè, kí ló kàn án pẹ̀lú wa? Bàbá olórí ẹgbẹ́ wa ní kí ẹni tó bá fẹ́ ká gé àgádágodo náà nawọ́. Gbogbo wa nawọ́. Wẹ́dà àdúgbò gé e lọ́sàn-án gangan, Màmá wọlé, ó gbálẹ̀, ó ṣí fèrèsé. Mo ń retí ọlọ́pàá, mo tiẹ̀ ti ro ohun tí màá sọ fún wọn.

Ó ti pé oṣù mẹ́rin báyìí. Ìjọba ò tíì mọ̀ pé a ti ṣí i, torí nínú ìwé tiwọn, kò fìgbà kankan wà ní títì.