Èmi Nìkan Ni Ará Amẹ́ríkà Nílé Wa

Ìgbà tí mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ní àárín ìlú Calgary bi bàbá mi pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí. Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní méjì ni, pé Calgary níbí la bí ọkùnrin sí, nítorí náà ọmọ Canada ni, àmọ́ ọmọ Amẹ́ríkà ni obìnrin. Bí wọ́n ṣe pe "Amẹ́ríkà" yẹn, ẹ ó rò pé oyè ni wọ́n fi mí jẹ. Wọ́n yọ pásípọ́ọ̀tù mi, wọ́n gbé e lé orí káńtà, wọ́n sì fi ìka kan tì í síwájú. Ọkùnrin náà ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, ó tún ṣí i láti ìparí padà. Kò sí òǹtẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó ní, "Ìwé wo ni ọmọ yìí fi ń gbé ní Canada?"

Ẹ̀rín kúrò lójú bàbá mi. Mo rí i tí màmá mi di etí káńtà mú. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́, àti pé ọ̀rọ̀ mi ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, tí ẹ ń gba ilé sí àdúgbò Savanna àti New Brighton ní Calgary níbí, tí ẹ máa ń bi mí nígbàkigbà tí a bá jọ jókòó pé, "Aunty, blue passport dey your hand, wetin you dey find for this snow?" Ó ti sú mi láti máa dáhùn. Tí mo bá ní ọ̀rọ̀ náà gùn, ẹ ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ká pààrọ̀ ìwé. Ó dáa, mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá tún bi mí, ìwé yìí ni n ó nà sí i.

Ìpínlẹ̀ Oklahoma ni bàbá mi ti kàwé nípa epo rọ̀bì, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí ilé iṣẹ́ epo kan ní Calgary gbà wọ́n síṣẹ́, la bá kó ẹrù sínú ọkọ̀, a wà á títí a fi dé bọ́dà. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé bàbá mi àti ti màmá mi. Nígbà tó kan tèmi, ó rí i pé ìwé Amẹ́ríkà ni, ó kàn juwọ́ pé ká máa lọ. Ìjuwọ́ yẹn ni bàbá mi gbà bí ìwé àṣẹ. Tí àlejò bá ti wá sílé wa, wọ́n á sọ ọ́: "Ẹ wò ó, wọn ò tiẹ̀ bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀!"

Nígbà tí owó epo ṣì dára, kò sẹ́ni tó ń wá ìwé ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ bàbá mi ní ẹni tó ń bá wọn kọ gbogbo fọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn náà ni owó epo já lulẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí irú rẹ̀, àmọ́ tiwa ìgbà yẹn le. Ní àdúgbò Rundle tí a ń gbé, ẹ ó rí ilé mẹ́ta mẹ́rin lórí títì kan ṣoṣo tí wọ́n ri pátákó "For Sale" mọ́ iwájú wọn, tí snow sì bo ọ̀nà ilé pátá nítorí pé kò sẹ́ni tó ń rìn níbẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn kàn lọ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún báǹkì, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Wọ́n dá bàbá mi dúró níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí màmá mi ń ṣe ló gbé wa dúró, orúkọ wọn la sì fi kọ̀wé béèrè fún ìwé ìgbélùú tí ẹ̀yin ń pè ní PR. Kò sówó lọ́yà, nítorí náà bàbá mi kọ fọ́ọ̀mù náà fúnra wọn lórí tábìlì ìjẹun wa. Níbi tí wọ́n ti ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ tó nílò ìwé, wọ́n kọ "Kò sí" síbẹ̀.

Bọ̀dá kan tó ń gbé basement wa, yàrá tó wà lábẹ́ ilé, tó ń lọ sí yunifásítì nígbà náà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà wà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ọmọ yẹn," ni Bọ̀dá wí. "Ará Amẹ́ríkà! Ta ló máa bi í pé níbo ló ń lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ lèmi náà rò ó."

"Kí ni Canada fúnra rẹ̀? Ṣebí ẹ̀yìnkùlé Amẹ́ríkà ni."

Mi ò lè dá wọn lẹ́bi tán. Nílé lọ́hùn-ún, gbogbo ibi tí òtútù bá ti ń mú òyìnbó, Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè é. Kò sí lẹ́tà kan tí ìyá bàbá mi kọ sí wa ní Calgary tí wọn ò ti bèèrè pé Amẹ́ríkà ńkọ́. Àmọ́ ó ń bí mi nínú síbẹ̀. Ìwé tí gbogbo èèyàn fi ń yangàn nílé wa ni kò jẹ́ kí wọ́n ka èmi mọ́ wọn.

Ọkùnrin tó ṣí pásípọ́ọ̀tù mi ní káńtà kò pariwo. Ó ní mo ti pẹ́ jù ní Canada láìní ìwé. Ó ní kí wọ́n mú mi jáde kúrò nílùú, kí n gba bọ́dà wọlé padà, kí àwọn tó wà níbẹ̀ pinnu ohun tí wọ́n máa ṣe fún mi. Bàbá mi bi í pé tí wọn ò bá gbà mí wọlé ńkọ́? Ọkùnrin náà ní ṣebí mo ní ìlú tèmi tí mo lè padà sí.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọ̀rọ̀ ìlú tèmi yìí kò tán nílé wa mọ́. Bọ̀dá gòkè wá láti basement pẹ̀lú ìmọ̀ràn tuntun.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní Houston. Ẹ jẹ́ kó lọ gbé lọ́dọ̀ wọn títí ọ̀rọ̀ yín á fi yanjú. Ìlú rẹ̀ ni, á gbádùn ni."

Màmá mi ń fọ abọ́. Wọn ò yíjú. "Ta ló mọ̀ ní Houston?"

"Á mọ̀ wọ́n tó bá débẹ̀."

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án?"

"Aunty, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà máa ń tètè gbọ́n."

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sí basement yín."

Mo máa ń dúró níwájú dígí ilé ìwẹ̀ kí n lè rí ibi tí Amẹ́ríkà náà wà lára mi. Mi ò mọ orin orílẹ̀-èdè wọn. Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí ní Oklahoma ni fáànù kan tó ń yí lókè àjà, bóyá àwòrán ni mo tiẹ̀ ti rí i. Tí mo bá sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ará Amẹ́ríkà ni mí, wọ́n á ní irọ́ ni mò ń pa, ará Áfíríkà ni mí. Tí mo bá délé, wọ́n á ní ará Amẹ́ríkà ni mí. Kò sẹ́ni tó bi mí rárá pé kí lèmi fẹ́. Mo fẹ́ wà níbi tí màmá mi wà.

Ìṣòro mìíràn tún wà. Nínú gbogbo ilé wa, èmi àti àbúrò mi kékeré nìkan ló lè wọ Amẹ́ríkà. Visa tí bàbá mi fi kàwé ti kú, ti màmá mi náà ti kú. Ta ló máa wá mú mi sọdá? Ìyá òyìnbó tó wà nílé kejì sí tiwa ló gbà. Ọkọ wọn náà ti pàdánù iṣẹ́ epo, àwọn fúnra wọn sì ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé. Wọ́n ní kí màmá mi kọ lẹ́tà fáwọn, pé àwọn á mú mi lọ, àwọn á sì mú mi bọ̀.

Ọjọ́ Sátidé kan la lọ, ọkọ̀ wa níwájú, tiwọn lẹ́yìn.  Nígbà tí a kúrò ní Calgary, màmá mi ní, "Dádì, lọ́jọ́ tí ẹ kọ 'Kò sí' síbẹ̀, ta ló jókòó níwájú yín tó ń jẹ búrẹ́dì?"

"Má bínú."

"Mo ní ta ni?"



Báàgì kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ṣí i. Aṣọ ìwọ̀sùn mi wà níbẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín mi wà níbẹ̀, àti bébà kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà tẹlifóònù sí. Houston ni wọ́n kọ sábẹ́ nọ́ńbà náà, ọwọ́ ìkọ̀wé màmá mi sì ni. Màmá mi tó lé Bọ̀dá padà sí basement ti lọ gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ wọn ní kọ̀rọ̀. Ṣé ẹ rí i, títí di ìgbà yẹn mo rò pé àgbà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀rù wá bà mí gidi.

Ní bọ́dà, àwọn òbí mi dúró lápá Canada pẹ̀lú àbúrò mi. Màmá mi bá mi de bọ́tìnnì kóòtù tó ti wà ní dídè. Mo wọ ọkọ̀ ìyá òyìnbó náà, a sọdá. Òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà wo pásípọ́ọ̀tù mi, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Welcome home." Mo bú sẹ́kún. Ìyá òyìnbó ra ìpápánu fún mi ní ilé epo kan, mi ò lè jẹ ẹ́. Ohun tí mo mọ̀ nípa jíjẹ́ ará Amẹ́ríkà nìyẹn: ìlú kan wà láyé tí ẹnikẹ́ni kò lè lé mi kúrò níbẹ̀, mi ò sì mọ ẹnì kankan níbẹ̀.

A yí padà. Òṣìṣẹ́ Canada bi ìyá òyìnbó pé kí ni wọ́n jẹ́ sí ọmọ yìí.

"Aládùúgbò."

"Àwọn òbí rẹ̀ dà?"

Wọ́n nawọ́ sí ojú fèrèsé. "Àwọn nìyẹn, wọ́n ń dì níta."

Ó ní kí wọ́n wọlé. Ó ka lẹ́tà, ó ka káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára mi, ó ka èsì ìdánwò mi, ó ka ìwé iṣẹ́ tí ọsibítù kọ fún màmá mi. Ó wá bi bàbá mi pé kí ló dé tí wọn ò kọ orúkọ mi.

"Mo rò pé ará Amẹ́ríkà kò nílò rẹ̀ níbí," ni bàbá mi wí.

Ọkùnrin náà gbé ìwé náà sílẹ̀. "Ọ̀gá," ó ní, "orílẹ̀-èdè mìíràn ni tiwa o."

Ìyá òyìnbó rẹ́rìn-ín. Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà kọ ìwé oṣù mẹ́fà fún mi, ó ní kí wọ́n lọ fi orúkọ mi sínú fọ́ọ̀mù náà kíákíá.

Oṣù mẹ́fà yẹn parí kí èsì tó dé, a lọ gba òmíràn. Ìyẹn náà tún parí. Gbogbo ìgbà tí a bá lọ síwájú káńtà, báàgì kékeré yẹn máa ń wà nínú ọkọ̀. Títí dòní, mi ò lè gba iwájú ilé ìjọba kọjá kí n má fọwọ́ kan ìwé inú àpò mi.

Ayé ti yí padà. Lónìí, email ni wọ́n fi ń sọ fún yín. Ọ̀kan nínú yín gba tirẹ̀ bó ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ ọjà jáde ní ilé ìtajà Sunridge, ó pariwo, ó ya fọ́tò, ká tó délé gbogbo ẹbí ní Èkó ti rí i. Kọ̀ǹpútà kì í sì í jẹ́ kí ẹ fi orúkọ ọmọ kankan sílẹ̀, á máa bi yín títí. Inú mi dùn fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ má máa ṣe bí ẹni pé ìwé aláwọ̀ búlúù kan ti tó. Ẹ bi mí.

Ọjọ́ tí ìwé tiwa jáde, obìnrin kan ní káńtà ka orúkọ mẹ́ta, tèmi ló kẹ́yìn. Ó tẹ òǹtẹ̀, ó ní ó ti parí. A wakọ̀ délé, mo bọ́ bàtà snow mi sẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, mo sì wọlé lọ. Láti nǹkan bí ọdún kan àbọ̀, kò sẹ́ni tó bá mi wí nílé yẹn. Mo fọ́ abọ́, wọ́n ní kò burú. Ẹran tó tóbi jù ni wọ́n ń bù fún mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ rìnrìn-àjò ni wọ́n ń ṣe fún mi, ó sì ń bà mí lẹ́rù ju kí wọ́n nà mí lọ.

Màmá mi fẹsẹ̀ kọ bàtà náà.

"Ta ló da bàtà sílẹ̀ báyìí? Ta ni o fẹ́ kó wá bá ẹ gbé e?" Wọ́n pariwo débi pé Bọ̀dá yọrí láti basement.

"Ẹ má bínú, mà."

"Sáré gbé e kí n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ!"

Mo sáré gbé bàtà mi, mo sì tò ó mọ́ tàwọn yòókù.