Ọtí Ọ̀sán Ìyá Arielle

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ìyá Arielle ti ń pọn ṣakpalo, ọtí ọkà bàbà, ní Bantè. Lẹ́ẹ̀rùn ọdún yìí, ó ní òun máa pọn èyí tó fúyẹ́, tí ẹni tó ń kọ ebè lóko ní Bobè lè mu lọ́sàn-án gangan, kó sì tún padà sídìí ọkọ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà wà lára wọn. Ìkòkò mẹ́ta ló dà nù kó tó rí i ṣe: ó dín ọkà kù, kò sì jẹ́ kó hó pẹ́.

Lọ́jọ́ ọjà, Bàbá Ambroise dé, olùkọ́ àtijọ́ tí kò sí ohun tí kò mọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ń ta ọtí ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ìyá Arielle mu ẹnu kan, ó gbé igbá fún un. Bàbá mu títí ìdí igbá fi hàn.

"Florentine, omi lo gbé fún mi yìí," ló wí, kí gbogbo ọjà lè gbọ́.

Ìyá Arielle gba igbá, ó ṣàn án, ó dà á dé orí ìkòkò.

Bàbá kò dìde. Ó wo oòrùn, ó wo ìkòkò, ó nu irùngbọ̀n rẹ̀.

"Bu díẹ̀ sí i fún mi."

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Ìyá Arielle wí. "Ẹ̀rọ omi wà lẹ́yìn ọjà."