Tísà Mìkáílù àti Ìmọ́lẹ̀ Kí-Ojú-Tó-Ṣẹ́

Títí di òní olónìí, bí ẹ bá dé Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ dárúkọ olóògbé Tísà Mìkáílù, ọ̀rọ̀ agogo tó lù lọ́dún 1988 ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo wà níbẹ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí àwọn tó ń sọ pé orí rẹ̀ dàrú lọ́jọ́ náà, irọ́ ni wọ́n ń pa.

Físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Fáìfù ní ilé ìwé girama tí àwa méjèèjì ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ di òní kọ̀wé fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí kò sí nínú sílábọ́ọ̀sì. Ni Ìnsípẹ́tọ̀ Oyèlékè bá dé, wọ́n pe àwọn òbí jọ, wọ́n ní kí Tísà wá wí tẹnu rẹ̀. Tísà to àwọn òbí sórí àga ní ìlà-ìlà, ó kó àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Wáànù jókòó sílẹ̀ sáàárín wọn, ó yọ́ bọ́ sẹ́yìn, ó sì fi òòlù lu agogo ilé ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbàgà.

Àwọn ọmọ fò sókè, òmíràn tilẹ̀ ti gba ojú fèrèsé jáde. Àwọn òbí ṣì wà lórí àga bí wọ́n ṣe wà. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí Alhaji Sàídù, alága ẹgbẹ́ òbí, tó ń ta obì ní Sábó, tó tún fìlà rẹ̀ ṣe, tó wá ní, "Kí ló dé?"

Tísà na ìka sí i. "Ẹ ṣeun, Alhaji. Ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù ti sá lọ, átọ́mù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń béèrè kí ló dé."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Alhaji náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìnsípẹ́tọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ tí Tísà ń sọ kò sì le rárá. Àbúrò rẹ̀ tó wà ní London ló fi ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì kan ránṣẹ́ sí i, ó sì kà á títí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ fi já. Ibẹ̀ ló ti rí i pé àwọn kan ti ṣe iná lésà tó ń tàn tó sì ń kú kí ojú tó ṣẹ́. Kí ojú tó ṣẹ́ gan-an ti pẹ́ jù. Ẹ pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù, kí ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀, kí ẹ tún pín in sí ọ̀nà bílíọ̀nù. Ẹyọ mẹ́fà nínú ìyẹn ni gbogbo ọjọ́ ayé ìmọ́lẹ̀ náà. Bó bá kọ lu ohun líle bí irin, àwọn ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù tó fúyẹ́ ló ń gba agbára rẹ̀, wọ́n á ta gìrì. Àwọn átọ́mù tó wúwo, tó tò ní ìlà-ìlà, kò tíì mira. Nígbà tí ooru bá fi máa dé ọ̀dọ̀ tiwọn, ìmọ́lẹ̀ ti kú tipẹ́.

Láti ìgbà tó ti ka ìwé yẹn, kò sí ẹni tó gbádùn mọ́ lọ́dọ̀ wa. Ó lọ ra aago ọwọ́ ní Sábó, ó bá oníṣòwò náà fa ọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrun Àílà. Ẹjọ́ tó ń rò ni pé aago náà ń fo nǹkan: kí ọwọ́ rẹ̀ tó kúrò lójú kan bọ́ sí èkejì, àìmọye nǹkan ló ti ṣẹlẹ̀ tí kò kà, nítorí náà kí wọ́n din owó rẹ̀ kù. Oníṣòwò náà fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó ní kí Tísà lọ kó àwọn nǹkan tí aago fò náà wá kí àwọn jọ kà á. Tísà sanwó pé.

Asiyah ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé ọkọ òun ló mọ ohun tó yá jù láyé, òun nìkan ni kì í yá bí wọ́n bá ní kó pọn omi.

Ṣùgbọ́n Ìnsípẹ́tọ̀ kò bá a ṣeré. Tísà ti sọ fún àwọn ọmọ pé irú ìmọ́lẹ̀ yẹn lè gé nǹkan láì jó etí rẹ̀. Ìnsípẹ́tọ̀ ní irọ́ ni, pé ohun gbígbóná tó bá kan nǹkan, á jó o. Ó fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì: kó kọ̀wé pé ohun tóun kọ́ wọn kò sí, kó tọrọ àforíjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó fi físíìsì sílẹ̀ kó lọ máa kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ yìí o. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wà nínú kíláàsì yẹn, Mùjídàt nìkan ni obìnrin ibẹ̀, ìdánwò àṣejáde sì ku oṣù márùn-ún. Tísà ò bímọ. Àwọn mẹ́sàn-án yẹn ló ní.

Ó wọkọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí i sí, lọ́dọ̀ Àlàmú, ẹgbẹ́ rẹ̀, tó ń fi irin gbígbóná ya ọnà sára igbá. Ó béèrè ìdí tí ọnà rẹ̀ fi ń mọ́ tónítóní.

"Bí irin bá pẹ́ lára igbá, etí ọnà á jó," Àlàmú dá a lóhùn. "Bí mo bá tètè gbé e kúrò, iná ò ráyè rìn."

Tísà dì mọ́ ọn, díẹ̀ ló kù kí irin jó àwọn méjèèjì. Ó gba igbá méjì, ọ̀kan tó mọ́, ọ̀kan tó jó, ó gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì Ìnsípẹ́tọ̀. Ó ṣàlàyé pé irin kì í ṣe lésà, igbá kì í sì í ṣe irin, àmọ́ pé ìbátan ni ọ̀rọ̀ wọn. Ìnsípẹ́tọ̀ ti igbá sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti bébà síwájú rẹ̀. Tísà yọ bírò, ó kọ ọ́ pé: "Mi ò lè kọ ọ́ pé ohun tó wà kò sí. Ẹ fún mi lọ́kọ́."

Wọ́n sì fún un lọ́kọ́ lóòótọ́. Oko ilé ìwé wà ní ọ̀nà Iresa. Kò pẹ́ tí iṣẹ́ àgbẹ̀ fi wọ àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Fáìfù lára lójijì, àwọn tí kì í fẹ́ gbálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí wọn ò rán olùkọ́ físíìsì mìíràn wá, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọmọ ń wà lóko lọ́dọ̀ Tísà, ebè ni átọ́mù, àwọn fúnra wọn ni ẹlẹ́kitirọ́ọ̀nù. Pírínsípà wa, tó jẹ́ obìnrin, béèrè ohun tí wọ́n ń fi pátákó ìkọ̀wé ṣe lóko. Tísà ní ẹyẹ làwọn fi ń lé. Ìyá náà wò ó títí, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí èsì ìdánwò dé, méje yege nínú àwọn mẹ́sàn-án, Mùjídàt ló ṣíwájú. Iṣu ọdún yẹn kò ju ìkúùkù lọ.

Síbẹ̀, wọn ò dá kíláàsì náà padà fún un. Ọkọ́ ló ń gbé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Inú ń bí mi di àkókò yìí, mi ò sì ní purọ́ pé kò bí mi.

Nígbà tí Tísà kú, a ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ ní Ọ̀yọ́. A ti ń sọ ọ̀rọ̀ agogo, a ti ń rẹ́rìn-ín, nígbà tí bàbá arúgbó kan tó ń tẹ̀pá wọlé. Ìnsípẹ́tọ̀ Oyèlékè ni. Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó.

"Ohun tó ń sọ lọ́jọ́ náà kò yé mi," ó ní. "Ojú ló tì mí láti béèrè níwájú àwọn òbí. Ìdí tí mo fi gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn."

Mo ti fẹ́ dìde. Mo ní èsì tí mo ti ń tọ́jú dè é láti ọdún yẹn. Asiyah fọwọ́ dá mi dúró.

"Ó mọ̀, Bàbá," Asiyah ní. "Ó ní ọjọ́ tí ẹ bá padà wá béèrè, òun á ṣàlàyé fún yín. Ó retí yín títí."

Bàbá náà fi àga sílẹ̀, ó rọra jókòó sórí ẹní. Mùjídàt, tóun náà ti di olùkọ́ físíìsì, sún mọ́ ọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.