Sùwéébátù, Ẹlẹ́bẹ̀ Asawase

Bí ọkọ bá lé ìyàwó síta ní Asawase, ní ìlú Kumasi, tàbí tí ọmọ iṣẹ́ kan ba ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀ jẹ́, ilé Sùwéébátù ni wọ́n máa ń sá lọ. Kóósè, ìyẹn àkàrà, ló ń dín láàárọ̀, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n mọ́. Á dé ilé ẹni tí inú ń bí, á bọ́ bàtà, á kúnlẹ̀, kò sì ní béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tó wá bẹ̀bẹ̀ kò wá dájọ́, iná ló wá pa. Wọ́n á gbé e dìde, wọ́n á fún un lómi, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ọlọ́pàá, á ní, “A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.”

Ohun tójú rẹ̀ rí ló jẹ́ kó gba ẹ̀bẹ̀ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ kékeré ni lọ́dún tí ìjọba ìgbà náà ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò ní Gánà. Kumasi ni wọ́n bí i sí, Kumasi ni wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí, inú ìtàn nìkan ni wọ́n ti mọ Ìlọrin tí baba ńlá wọn ti wá. Ìyẹn ò ní kí ọlọ́pàá má kanlẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀, àlùfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú, dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ọlọ́pàá tó lè bí lọ́mọ, ó ní kó foríji òun. Kí ló ṣẹ̀? Kò ṣẹ nǹkan kan. Ọlọ́pàá náà wò ó títí, ó sì kọjá sí ilé kejì. Àwọn ará ilé kejì kò dọ̀bálẹ̀ fẹ́nikẹ́ni, káàkiri ọjà ni wọ́n ti ta ìkòkò wọn kí wọ́n tó lọ. Láti ọjọ́ náà ni Sùwéébátù ti mọ̀ pé ẹni tó bá mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀ ni ilé rẹ̀ ń ṣẹ́kù.

Hafiz nìkan lọmọ tó kù fún un. Fítà tó ń tún ọkọ̀ ṣe ni ní Suame Magazine, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Kwabena. Kwabena fọkàn tán an débi pé ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ń sùn. Nítorí náà, nígbà tí gíáàbọ́ọ̀sì oníbàárà kan pòórá, òun ni gbogbo èèyàn yíjú sí. Àwọn ọlọ́pàá mú un lọ́jọ́ Jímọ̀, bó ṣe ń jáde láti mọ́ṣáláṣí.

Hamdia, ọmọ aládùúgbò wọn tó ti di lọ́yà, ló sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tó padà dé, ó jókòó ti Sùwéébátù, ó sì rọra là á yé e.

“Màmá, òfin ńlá ilẹ̀ yìí wà lẹ́yìn rẹ̀. Aláìṣẹ̀ ni, àfi tí kóòtù bá dá a lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó lè fipá mú un sọ̀rọ̀. Tí wákàtí méjìdínláàádọ́ta bá pé, kí wọ́n gbé e lọ síwájú adájọ́, tàbí kí wọ́n tú u sílẹ̀.”

“Ìyẹn á bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Ṣé wọ́n ń ṣí kóòtù lọ́jọ́ Àìkú?”

“Wọn kì í ṣí i. Wọ́n á ní ó di Mọ́ńdè. Kò tọ́, màá sì sọ ọ́ fún wọn.” Hamdia di ọwọ́ ìyá àgbà náà mú. “Hafiz rán mi sí yín. Ó ní wallahi, òun ò mú nǹkan kan. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni.”

Sùwéébátù mi orí bí ẹni tó gbà. Ṣùgbọ́n òfin tó ń sinmi lópin ọ̀sẹ̀, ṣé irú rẹ̀ ni èèyàn ń fa ọmọ kan ṣoṣo lé lọ́wọ́? Ẹ̀rù ń bà á, oorun ò sì kùn ún.

Ní àárọ̀ Sátidé ó gba Suame lọ. Ó bá Kwabena láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó sì kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì ti sọ di dúdú. Twi ló fi bẹ̀ ẹ́. “Mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ ọ́, foríji ọmọ mi. Iṣẹ́ ṣàyítánì ni. Má wo tirẹ̀, tèmi ni kó o wò.” Ohun tó máa ń wí nílé gbogbo ayé nìyẹn, ẹnu rẹ̀ ò mọ òmíràn.

Àwọn fítà ti pagbo yí wọn ká. Kwabena ní, “Maame, sɔre,” ó sì gbé e dìde. Wọ́n gbé àga fún un, wọ́n fún un lómi. Ọkàn Sùwéébátù balẹ̀, nítorí bó ṣe máa ń rí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ parí. Yorùbá ní ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Ó mọ òwe náà dáadáa, kò kàn mọ̀ pé àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá náà mọ̀ ọ́n.

Kwabena lọ sọ fún ọlọ́pàá pé ìyá ọmọ náà ti jẹ́wọ́. Ní ọjọ́ Àìkú, ọ̀kan nínú wọn wọlé tọ Hafiz. “Ìyá rẹ kúnlẹ̀ ní Suame lójú gbogbo ayé. Ó ní ṣàyítánì ló lò ọ́. Ṣé o fẹ́ sọ ọ́ di òpùrọ́ ni? Gbà pé o ṣe é, ọ̀gá rẹ á dárí jì ọ́, ọ̀rọ̀ á sì di tilé.” Títí di ọjọ́ kejì ni Hafiz kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ bá Hamdia sọ̀rọ̀.

Ní kóòtù lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n bi í bóyá ó jẹ̀bi. Ó wojú ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mi orí sí i, pé kó fọkàn balẹ̀, òun ti bá a bẹ̀bẹ̀. Hafiz ní, “Mo jẹ̀bi.” Hamdia fò dìde, ṣùgbọ́n nígbà tí adájọ́ bi ọmọ náà lẹ́ẹ̀kejì, ohun kan náà ló tún sọ. Kwabena pàápàá dìde, ó ní òun ti foríjì í. Adájọ́ ní ẹjọ́ ti di ti ìjọba Gánà, kì í ṣe ti Kwabena mọ́. Ó sọ Hafiz sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta.

Kí òjò ọdún náà tó dá, wọ́n ká gíáàbọ́ọ̀sì mìíràn mọ́ ọlọ́dẹ ṣọ́ọ̀bù kejì lọ́wọ́, ó sì jẹ́wọ́ pé òun náà ló jí ti Kwabena. Kwabena wá sí Asawase. Wọ́n gbé àga fún un, kò jókòó.

“Maame, mò ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀,” ó ní. “Mo ti ń múra láti lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìgbà tí mo rí yín nílẹ̀ ni mo tó gbà pé ó ṣe é.”

Hamdia ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò purọ́ fún Sùwéébátù. Òfin lè dáàbò bo ẹni tó bá dákẹ́, ó ní, àmọ́ ẹni tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ̀bi, ó pẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ tirẹ̀. Àwọn èèyàn ṣì ń wá pe Sùwéébátù sí ẹ̀bẹ̀. Kì í jáde sí wọn mọ́.

Ó lọ wo ọmọ rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Hafiz ti rù, ó sì ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Sùwéébátù ò kí i, kò bi í bóyá ó jẹun. Ó bọ́ bàtà, ó sì kúnlẹ̀ fún ọmọ tó bí. Àwọn tó wá wo èèyàn wọn àti wárdà yíjú sí wọn.

“Màmá, ẹ dìde,” Hafiz ní. “Ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ń wò yín. Wọ́n á rò pé ẹ ṣe nǹkan.”

“Mo ṣe é,” ni Sùwéébátù wí. Kò sì dìde.