Mi Ò Gbè Sẹ́yìn Bàbá Mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí ní Abidjan yìí fún yín!

Ilé àyẹ̀wò oúnjẹ kan ní Plateau ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Epo pupa ni bàbá mi ń tà ní Treichville. Lóṣù tó kọjá, àwa ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta epo fẹ́ yan alága, bàbá mi àti Alhaji Lasisi sì ń du ipò náà. Ni ọ̀rọ̀ bá délẹ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ń po aró mọ́ epo kó lè pupa dáadáa. Ta ni? Kálukú ń nàka sí ẹnì kejì!

Àwọn àgbà ní kí n bá àwọn yẹ epo méjèèjì wò. Ẹ̀rín pa mí. Ṣé ọmọ ẹni tó ń du ipò ló máa jẹ́ neutre, tí kò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kankan? Àfi bí Alhaji ṣe ní òun fọkàn tán mi, pé ojú òun ni wọ́n ṣe kó mi jáde.

Mo mọ ara mi ṣá. Mo ní kí Aya, ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́, da epo náà sínú ìgò méjì, kó kọ 1 àti 2 sí wọn lára, kó sì fi orúkọ àwọn tó ni ín sínú àpòòwé. Bá a ṣe máa ń ṣe é níbi iṣẹ́ nìyẹn.

Ìgò kìíní mọ́ kedere. Ìgò kejì, aró wà níbẹ̀! Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i, a wá ṣí àpòòwé. Bàbá mi ló ni ìgò kejì.

Màmá mi bẹ̀ mí pé kí n sọ pé ẹ̀rọ àyẹ̀wò ti bà jẹ́. Wọ́n ní irú ọmọ wo ló ń dójú ti bàbá rẹ̀ láwùjọ? Mo sunkún. Ṣùgbọ́n ká ní epo Alhaji ni, ṣé ẹ̀rọ á bà jẹ́?

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo ka résultat àyẹ̀wò náà jáde.

Bàbá mi wò mí. "Ma fille, ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé tèmi ni kó o tó kọ ọ́?"

"Rárá, Bàbá."

"Nígbà tó o wá mọ̀ ńkọ́?"

"Mi ò yí i padà, Bàbá."

Wọ́n dìde. Wọ́n ní àwọn ò po aró, àwọn ra epo náà bẹ́ẹ̀ ní Gonzagueville ni, ṣùgbọ́n àwọn tà á láìyẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà àwọn ò du ipò mọ́. Wọ́n wá nàka sí mi: "Ẹ wò ó dáadáa! Ọmọ tí mo bí nìyẹn!" Alhaji ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Orí mi wú! Ẹ ò rí i? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ìbáà jẹ́ bàbá ẹ ló ń rojọ́. Mo fẹ́ràn bàbá mi gan-an, mo sì jẹ́ kí Aya fi orúkọ wọn sínú àpòòwé. Ẹ̀yin ńkọ́? Ǹjẹ́ wọ́n ti fi yín sáàárín èèyàn yín àti ẹlòmíì rí? Kí lẹ ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, gbogbo ẹ̀ ni màá kà.

Ẹlòmíì ló wá bá Alhaji díje ṣá. Ẹ mọ ẹni tí àwọn méjèèjì fẹnu kò pé kó wá ka ìbò? Èmi ni!